Kókó Ọrùn Onígbàjámọ̀

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ìyá Kékeré, ọmọ mi,

Báwo ni òtútù ibẹ̀ ṣe ń ṣe ọ́? Ṣé ò ń jẹun? Àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú ńkọ́? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ò bínú mọ́ nípa àwòrán tó o fi ránṣẹ́, èyí tí egungun èjìká rẹ yọ síta nínú rẹ̀. Èmi ṣì ń bínú ní tèmi. Jẹun.

O ní kí n máa lo fóònù. Mi ò fẹ́ fóònù. Nínú fóònù, "ṣé ò ń gbọ́ mi" la fi ń pa àsìkò, tó bá wá ku ọ̀rọ̀ gidi, ó ti já. Lẹ́tà kì í já. Mo lè kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lè kà á sétí àwọn oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí egungun ti ń ro mí. Kì í ṣe ìrora àgbà lásán, mo mọ ti àgbà. Ibi tí mo máa ń dúró sí lẹ́yìn àga ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ti ń dúró láti ìgbà tí o ò tíì mọ̀ ọ́n rìn, ibẹ̀ gan-an ló ti di ibi ìyà fún mi. Tí mo bá ti gẹrun fún ẹni méjì, àfi kí n jókòó. Òùngbẹ ń gbẹ mí bí ẹni tó jẹ iyọ̀, mo sì ń lọ tọ̀ lemọ́lemọ́ débi pé oníbàárà kan bi mí bóyá mo ní ìyàwó míì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ ní mo ti ń gbàgbé nǹkan pẹ̀lú. Mi ò rántí pé mo gbàgbé nǹkan kan.

Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tó ń wá síbí pé ọmọ mi nọ́ọ̀sì á wá nǹkan ṣe sí i. Wo ohun tí wọ́n ń lò fún egungun lọ́hùn-ún, kí o fi ránṣẹ́. Ó wù mí kó jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo gbé e wá, ṣùgbọ́n mo ti kọ ìyẹn nínú lẹ́tà tó pọ̀, ó ti sú ìyá rẹ láti máa gbọ́.

Bàbá rẹ,
Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, bí àwọn oníbàárà ṣe ń pè mí títí di òní


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàbá mi,

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo kúnlẹ̀ sí kí yín, torí pé àpótí aṣọ mi ti gba gbogbo ilẹ̀ yàrá yìí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ ní mo ti ń jẹun.

Bàbá, mo bẹ̀ yín, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ti kọ ọ́ sí yín, mo ti sọ ọ́ lórí fóònù. Mò ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo sì ń gbọ́ ìtàn kan náà láti ẹnu ìyá àgbà kan láràárọ̀. Iṣẹ́ tó dáa ni, kò tì mí lójú. Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ egungun yín ń dà mí lọ́kàn rú. Níbi iṣẹ́ wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí arúgbó tí wọn kì í fún ní oògùn funfun kan tí wọ́n ń rún lẹ́nu bíi súùtì lẹ́yìn oúnjẹ. Kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, èyí tó ń mú kí egungun le, pẹ̀lú fítámì D. Oòrùn ló máa ń jẹ́ kí ara ní fítámì D, àwọn tó bá sì ń wà nínú ilé látàárọ̀ dalẹ́ kì í ní in tó. Mo ní ẹ̀yin náà nìyẹn, inú ṣọ́ọ̀bù lẹ̀ ń wà láti kùtù. Mo ti ra ike ńlá bíi mélòó kan. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ nílé, á mú un dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ má sọ pé á lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ti wíwá sílé, ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ìyá Kékeré, ọmọ tó gbọ́ tèmi,

Oògùn dé. Mo to àwọn ike náà sórí pẹpẹ níwájú dígí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́fíńdà, gbogbo ẹni tó bá jókòó ló ń béèrè wọn. Mo ní ọmọ mi ló fi ránṣẹ́. Mi ò sọ pé nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí o ṣe wí, ìwé èsì ló wà níwájú mi yìí. Wọ́n kọ kálísíọ̀mù síbẹ̀, wọ́n sì fa ọfà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó kọjú sókè. Mo yege. Lọ́jọ́ orí mi yìí, kálísíọ̀mù mi ga kọjá ibi tí wọ́n fàlà sí. Lọ́la ni màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fáàrí rí i. Fítámì D nìkan ló já mi kulẹ̀, ọfà tirẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ oògùn rẹ ní mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́, kí èyí tó wà nílẹ̀ lè bá èyí tó wà lókè.

Dókítà kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fẹ́ yẹ nǹkan míì wò. Ó bi mí pé oògùn wo ni mò ń jẹ, mo ní èyí tí ọmọ mi nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó ní kí n dá a dúró ná. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ọmọ yìí, èmi ni mo máa ń gbé pákó sórí àga kí orí rẹ̀ lè tó ọwọ́ mi, tí á máa sunkún títí màá fi gẹrun rẹ̀ tán. Òun ló wá fẹ́ kọ́ mi lẹ́yìn tí ọmọ tèmi ti sọ̀rọ̀. Mi ò padà lọ.

Inú mi dì díẹ̀, oúnjẹ kì í wù mí, mo sì ti bì. Mo gbà pé oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Kí n tó kí yín: ẹ má jẹ oògùn yẹn mọ́. Ẹ má jẹ ẹyọ kan. Kí Màámi kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ lónìí yìí.

Mo mú lẹ́tà yín lọ síbi iṣẹ́, mo túmọ̀ rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì àgbà. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ dígí, torí èmi náà rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí pé ta ló ní kí bàbá mi máa jẹ kálísíọ̀mù. Mo ní èmi ni.

Bàbá, ọfà tó kọjú sókè kì í ṣe ìyege. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kálísíọ̀mù yẹn pọ̀ sí, kì í ṣe inú egungun. Nọ́ọ̀sì ní kókó kékeré mẹ́rin ló wà lẹ́yìn gògóńgò gbogbo ènìyàn, wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ. Paratairọ́ìdì ni wọ́n ń pè wọ́n. Omi tí wọ́n ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ fún egungun ìgbà tó yẹ kó yọ kálísíọ̀mù sílẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wú, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ mọ́. Á máa pàṣẹ, egungun á máa yọ kálísíọ̀mù, ẹ̀jẹ̀ á kún, egungun á ṣófo, kíndìnrín á máa kó òkúta jọ, orí á sì dàrú. Ó ní òun ò lè búra pé ohun tó ń ṣe yín nìyẹn, àfi kí wọ́n yẹ omi náà wò. Ṣùgbọ́n egungun tó ń ro yín, òùngbẹ, ìtọ̀, ìgbàgbé, gbogbo rẹ̀ ló bá a mu. Ohun tí dókítà yẹn fẹ́ yẹ̀ wò gan-an nìyẹn, tí ẹ ò padà lọ. Kódà fítámì D tó kéré yẹn, dókítà ló máa sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ lò ó àti bí yóò ṣe tó.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀jẹ̀ yín ti kún tẹ́lẹ̀, èmi ni mo tún fowó ra kálísíọ̀mù dà lé e. Ẹ lọ rí dókítà. Kí ẹ mu omi púpọ̀. Kí ẹ dá mi lóhùn kíákíá, bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ṣé ìbínú ni, àbí lẹ́tà mi ò dé? Bó bá jẹ́ ìbínú, ẹ bínú sí mi nínú ìwé, kí n lè rí i kà.

Mo pe fóònù Màámi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin lẹ gbé e. Mo bi yín pé ṣé ẹ ti dá oògùn dúró. Ẹ ní, "Oògùn wo?" Mo rò pé ẹ̀ ń fi mí ṣàwàdà ni. Ẹ wá bi mí pé ta ni mò ń wá. Mo dárúkọ tí ẹ fi ń pè mí, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Fóònù já. Láti ìgbà yẹn, kò wọlé mọ́.

Lónìí, mo fún bàbá àgbà kan lóúnjẹ níbi iṣẹ́, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Mi ò lè dúró níbẹ̀ mọ́, mo ní láti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà nílé, kó kọ̀wé sí mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Bàbá rẹ wà láyé. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí o lè ka ìyókù.

Ó kọ́kọ́ di lẹ́tà rẹ mọ́wọ́, kò jẹ́ kí n rí i. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ télọ̀ lọ gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ gẹ ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó gbọn aṣọ, ó jókòó, ó ní òun ti parí. Télọ̀ ní, "Ọ̀rẹ́, ìdajì ńkọ́?" Bàbá rẹ ní ìdajì wo. Télọ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín títí tó fi rí i pé bàbá rẹ ń wo ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ bí àlejò. Òun ló fi èjìká gbé e wálé, tòun ti irun ìdajì. Ká tó dé ilé ìwòsàn, bàbá rẹ ti ń bì, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó ń ké. Mi ò gbọ́ kó ké bẹ́ẹ̀ rí.

Dókítà tó ń pè ní kékeré ló gbà wá wọlé. Mo kó àwọn ike rẹ fún un. Kò bú mi, ó kàn mi orí. Wọ́n fa omi sí i lára, omi lórí omi, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń fa kálísíọ̀mù wálẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ mí. Orúkọ rẹ ló kọ́kọ́ dá mọ̀, kì í ṣe tèmi. Èmi tí mò ń nu ìtọ́ rẹ̀.

Wọ́n ti yẹ omi kókó ọrùn náà wò, ó ga gan-an. Wọ́n ya àwòrán ọrùn rẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wú. Òkúta wà nínú kíndìnrín. Oníṣẹ́ abẹ ní kí àwọn yọ kókó náà, òun ni oògùn rẹ̀. Bí wọn ò bá yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ á tún kún, ọjọ́ tó bá sì tún kún tó báyìí, ọkàn lè dúró. Bàbá rẹ ní rárá. Ó ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, òun ń dúró de olórí, ìyẹn ìwọ. Mo ní orí ta ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ fá?

Má fi ọ̀rọ̀ oògùn pa ara rẹ. Ẹyọ kan lo ní kó jẹ, òun ló sọ ọ́ di mẹ́ta. Ìwọ náà lo sì ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kọ̀wé sí i.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo dúpẹ́ pé ẹ ti mọ orúkọ mi padà. Nígbà tí fóònù Màámi tún wọlé, ó ní ẹ ti ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ọkùnrin pé irun wọn ò gún, mo wá mọ̀ pé ara ti ń yá.

Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n yọ kókó yẹn? Ẹ̀yin tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò ń gbọ́rùn sókè fún, tí ẹ ń gbé abẹ lé gògóńgò wọn, tí wọ́n sì ń sùn lọ lábẹ́ ọwọ́ yín. Ṣé ẹ ò lè gbọ́rùn sókè fún ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Mo bi nọ́ọ̀sì àgbà. Ó ní ojú ibi tí wọ́n máa là kò gùn ju ìka lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó padà sílé. Iṣan ohùn wà nítòsí ibẹ̀ lóòótọ́, ohùn lè há. Kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò léwu. Ṣùgbọ́n ó ní ká fi ewu wé ewu.

Ẹ ní ẹ̀ ń dúró dè mí. Mi ò lè wá, Bàbá. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ìgbélùú, wọ́n á pa fáìlì mi dé, mi ò ní lè wọlé mọ́, gbogbo ọdún tí mo ti lò níbí á ṣòfò. Mo ti ṣàlàyé é títí. Ẹ má fi mí sí àárín òkè àti odò báyìí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, mi ò kà á sétí ẹnikẹ́ni.

O ní àwọn ènìyàn ń sùn lábẹ́ ọwọ́ mi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi kì í fún wọn lóògùn oorun kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ojú wọn wà nínú dígí, wọ́n ń rí mi, tó bá ta wọ́n, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra." Ọkùnrin tó fẹ́ la ọrùn mi ní mi ò ní mọ nǹkan kan títí òun á fi parí. Ó tún ní ohùn mi lè lọ. Kí ni wọ́n ń pè ní onígbàjámọ̀ tí kò lóhùn? Ṣé torí irun nìkan ni wọ́n ṣe ń wá?

Ìwé, ìwé, ìwé. Nígbà tí ò ń lọ, ọdún méjì lo pè é. Àwọn tí irun wọn dúdú kirikiri lọ́jọ́ tí o wọkọ̀, ewú ni mò ń gẹ̀ lórí wọn báyìí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Èmi ò ní kí o fún mi lọ́mú. Mo ní kí o wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti fẹ́ gé mi. Ò ń wẹ̀ fún bàbá ẹlòmíràn láràárọ̀. Kí lèmi ṣe?

Ọjọ́ tí o bá dé, ọjọ́ náà ni màá gun orí tábìlì wọn. Títí di ìgbà yẹn, kí wọ́n fi ọrùn mi sílẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Ọmọ mi,

Bàbá rẹ ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí. Ó sùn, oorun rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń bà á lẹ́rù. Mo ti bá ọkùnrin yìí gbé pẹ́, mo mọ bó ṣe ń ṣe tẹ́rù bá ń bà á. Lánàá ni mo fún un lómi mu, mo ní, "Sọ òótọ́ fún mi, kí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí?" Ó ní, "Tí ara mi bá yá, kí ló kù tó máa mú un wálé?" Ó yíjú sí ògiri. Ṣé o gbọ́? Ó ń tọ́jú àìsàn náà sára nítorí rẹ. Ó rò pé bó bá le tó, o ò ní lè ṣe kí o má wá. Inú bí mi débi pé mo jáde síta lọ fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó ń burú sí i. Ó kàn wúkọ́ lọ́jọ́ Àìkú, egungun ìhà rẹ̀ kan ṣẹ́. Ikọ́ lásán. Dókítà ti bá wa gba ọjọ́ kan ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Oníṣẹ́ abẹ yẹn kì í gbé ibí, ilé ìwòsàn kan sí òmíràn ló ń lọ. Bó bá lọ láìṣe é, ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní kíndìnrín bàbá rẹ ò ní dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Mo ti bẹ̀ ẹ́, télọ̀ ti bẹ̀ ẹ́. Ó ku ìwọ. Má bẹ̀ ẹ́ mọ́. Sọ bó ṣe rí fún un.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Ìkíni mi ò ní gùn lónìí. Ẹ forí jì mí.

Mo ti mọ ìdí tí ẹ ò fi jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan yín. Ẹ má bá Màámi jà, ọ̀rọ̀ náà ti wúwo jù fún un láti dá gbé. Ẹ ní bí ara yín bá yá, kò ní sí ohun tó máa mú mi wálé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òdìkejì rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá kú, mi ò ní wá.

Kì í ṣe pé mi ò ní fẹ́. Àwọn tó ń wo ìwé mi kì í béèrè bóyá àìsàn ni tàbí òkú. Ọmọbìnrin kan wà tá a jọ ń gbé ilé yìí, ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀, ní ìdí sítóòfù wa, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ sọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ sí i, àwòrán dúró gbagidi. Ó gbọn fóònù, ó gbọn ọ́n títí, kò lọ. Ó fọ ojú, ó sì lọ síbi iṣẹ́ nítorí pé àkókò ti tó. Èmi náà nìyẹn, Bàbá. Ẹlòmíràn ló máa da iyẹ̀pẹ̀ sí yín lára. Bí wọ́n bá ṣe tán, màá lọ fún bàbá ẹlòmíràn lóúnjẹ.

Àìsàn yín ò lè fà mí dé. Ikú yín ò lè fà mí dé. Ìwé yẹn nìkan ló lè ṣe é, mi ò sì mọ ọjọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rí mi, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kí ẹ wà láyé títí wọ́n á fi fún mi.

Mo mọ̀ pé ọmọ kì í sọ irú èyí sí bàbá. Ẹ lè bú mi, ẹ lè ní ẹ ò bí mi. Kí ẹ ṣáà wà láyé tí ẹ máa fi ṣe é.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án

Ìyá Kékeré,

Bí ìkọ̀wé yìí bá rí wúruwùru, má bínú, wọ́n ti gún ẹ̀yìn ọwọ́ mi lábẹ́rẹ́ títí. Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń ṣe bí ẹni tí kò wo ohun tí mò ń kọ.

Mo fa lẹ́tà rẹ ya. Kó o mọ̀. Mo fà á ya sí méjì, mo ní mi ò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ kó o jọ, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó gbé e padà sí mi lẹ́sẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Télọ̀ wà níbẹ̀, òun náà ò sọ̀rọ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú. Mo tún un kà. Mi ò lè kúrò ní ìdí sítóòfù yẹn. Mo rí ọ níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, mo rí ara mi nínú fóònù, tí àwòrán dúró, tí ò ń gbọn ọ́n. Ọmọ mi, mo sunkún. Mo ní kí télọ̀ bá mi wá ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n fi hàn mí nínú ike: nǹkan pupa kékeré kan, kò ju ẹ̀wà lọ. Dókítà ní kí wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́ ni omi kókó náà ti wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ohùn mi há. Bí ẹni tó ń sọ àṣírí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀, télọ̀ sì ń sọ kiri pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí àyè sọ tòun. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó padà, wọn ò ṣèlérí.

Ní ọjọ́ kejì, ẹnu àti ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Kálísíọ̀mù ti wálẹ̀ jù, wọ́n ní ebi ti ń pa àwọn egungun mi tipẹ́, wọ́n wá ń gbé gbogbo èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mì. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí dókítà ní kí n máa jẹ? Kálísíọ̀mù, pẹ̀lú fítámì D. Mo bi í bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní rárá, ti ìgbà yẹn ló pọ̀ jù, ti báyìí ló kéré jù, iye tí òun bá sì kọ ni kí n jẹ. Mo ní, "Ẹ ṣé, dókítà." Mi ò pè é ní kékeré mọ́.

Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ṣe sí ọ burú jù ú lọ, mo sì mọ̀ nígbà tí mò ń ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹ̀rù ikú mi lé ọ wálé, bíná bá fẹ́ jó gbogbo ohun tí o ṣe níbẹ̀, kó jó o.

Mi ò ní béèrè ìgbà tí ò ń bọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ mọ̀. Màá máa jẹ oògùn mi, màá máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá pè mí, màá máa jókòó sí oòrùn àárọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Tìrẹ ni kí o gba ìwé yẹn. Bó bá pẹ́, kó pẹ́. Ọjọ́ tí o bá dé, èmi ni kí o bá nílé, kì í ṣe ibojì mi.

Bàbá rẹ